Bí A Ṣe Ń Kó Ọ̀rẹ́ Lọ Gun Òkè Sóbí ní Àsìkò Ọyẹ́

Kò sí ìgbà tí ó dára fún gígun Òkè Sóbí ní Ìlọrin bí àsìkò ọyẹ́, nítorí pé òjò ti dá, ilẹ̀ ti le, koríko tí ó máa ń bo ojú ọ̀nà sì ti gbẹ. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ a máa tan ènìyàn jẹ: òtútù òwúrọ̀ kì í jẹ́ kí a rántí oòrùn ọ̀sán, afẹ́fẹ́ rẹ̀ a sì máa gbẹ òógùn lára kí a tó mọ̀ pé a làágùn rárá. Nítorí náà, omi àti àkókò ni kí ẹ kọ́kọ́ jíròrò lé lórí.

Kí olúkúlùkù gbé omi tí ó tó lítà 3, kí ó sì fi ìdajì pamọ́ de ìsọ̀kalẹ̀. Inú ike ni kí omi náà wà, nítorí omi inú ọ̀rá a máa bẹ́ sínú báàgì. Wàrà dùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ ẹ́ tán kí oòrùn tó mú. Kúlíkúlí, dàbínù àti ọsàn ni kí ẹ gbé gòkè. Ẹ wọ súẹ́tà lé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ lè bọ́ ọ bí ara bá gbóná, kí ẹ sì fi òrí pa ètè àti ihò imú. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ mú oògùn tí ó ń fà símú dání. Bí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bá sì bo ojú ọ̀run lọ́jọ́ náà, ilé ni ó yẹ kí ó jókòó sí.

Bárékè àwọn sójà wà nítòsí òkè náà. Ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, ẹ má sì ya fọ́tò bárékè. Bí ọ̀rẹ́ kan bá ní ibi omi tí ń já láti orí apáta ní Ọ̀wá-Kájọlà ni òun fẹ́, tàbí àwọn òkè mìíràn ní gúúsù Kwárà, ní tèmi o, ẹ ní kí ó ṣe sùúrù: àwọn ajínigbé ti da igbó ibẹ̀ rú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ìlú àti àwọn ọdẹ.

Ní oṣù kìíní, nǹkan bí aago 7 ni oòrùn máa ń yọ ní Ìlọrin. Ẹ péjọ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí ẹ sì fẹnu kò sí wákàtí tí ẹ ó yí padà, ì báà ṣe pé ẹ dé orí òkè tàbí ẹ kò dé e. Èmi a máa fi í sí aago 10. Àwọn tí ń gun òkè inú yìnyín ní Scotland náà a máa dá irú wákàtí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní oṣù kejìlá oòrùn wọn a ti wọ̀ kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òkùnkùn ni wọ́n ń sá fún. Ooru ni àwa ń sá fún.

Kí ẹni tí ìrìn rẹ̀ lọ́ra jù lọ wà níwájú, kí alágbára kan sì kẹ́yìn. Bí ẹ ti ń gòkè, ẹ máa wẹ̀yìn wo igi àti òkúta tí ẹ ń kọjá, nítorí pé kùrukùru ọyẹ́ lè bo ìlú mọ́lẹ̀ pátá, kí ẹ má lè fi í mọ ọ̀nà. Ẹ má ti ọwọ́ bọ pàlàpálá apáta, ibùgbé àkéekèé àti ejò ni. Ẹ má dáná.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni ó léwu jù. Òkúta wẹ́wẹ́ a máa wà lórí apáta tí ó dagẹ̀rẹ̀, bí gàrí tí ó dà sórí táìlì, a sì máa mú kí ènìyàn yọ̀ ṣubú. Ẹ kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹ̀ bàtà gbá a kúrò, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ fẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ má sì fara sẹ́yìn.

Bí orí bá ń fọ́ ẹnìkan tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ẹ mú un lọ sábẹ́ ibòji, kí ó máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá wá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí ó dákú, ẹ má dúró wò ó. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba tí ó wà ní Alágbàdo, ní ojú ọ̀nà Sóbí.