Bí A Ṣe Ń Fi Ohùn Mẹ́ta Bẹ̀rẹ̀ Fùlúùtù fún Ọmọdé

Orí fùlúùtù (apá tí ihò ẹnu wà) nìkan ni kí ọmọ mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ nínú àpótí rẹ̀. Ọmọ tó bá ti gbé odidi fùlúùtù dání, ìka ni yóò máa rò, bẹ́ẹ̀ ètè ni iṣẹ́ wà.

Ẹ gbé dígí síwájú rẹ̀. Etí ihò tó kọjú sí i ni kó fi kan ibi tí pupa ètè ìsàlẹ̀ ti parí, kí ètè bo bí ìdá kan nínú mẹ́ta ihò náà. Kó wá fẹ́ atẹ́gùn bí ẹni tó fẹ́ tu èèpo ẹ̀pà kúrò létè. Ọmọ tó ti fọn ẹnu ìgò ẹlẹ́rìndòdò rí yóò tètè mọ̀ ọ́n. Etí ihò tó wà lọ́hùn-ún ni atẹ́gùn gbọ́dọ̀ lù, kí díẹ̀ wọlé, kí díẹ̀ gba òkè kọjá.

Bó bá fọn tán, ẹ wo irin tó wà níwájú ihò. Èémí á ti fi ọ̀rinrin onígun mẹ́ta síbẹ̀. Bó bá dojú kọ ihò, ó dáa. Bó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sún orí fùlúùtù díẹ̀. Ẹ má fa ètè ọmọ. (Ọmọ tí ètè òkè rẹ̀ yọ ṣóńṣó láàárín lè máa fọn láti ẹ̀gbẹ́ títí láé, kò sì ní kó má dùn.)

Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ ló ṣí jù, atẹ́gùn ń ṣòfò. Kó jókòó, kó sinmi. Ẹ jẹ́ kó máa fọn ní ìgbà díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lọ láìdúró.

Nígbà tí ohùn bá ti ń jáde láìṣàárẹ̀, ẹ wá tò ó pọ̀. Yíyí la ń yí i wọlé, a kì í tì í, a kì í sì í di àwọn kíì (irin tí ìka ń tẹ̀) mú. Kí ihò ẹnu bá kíì ńlá àkọ́kọ́ gún régé. Ọmọ ọdún 6 sí 8 tí apá rẹ̀ kò tó, ẹ wá orí fùlúùtù tó tẹ̀ fún un, kó má baà máa rọ ọ̀tún sílẹ̀.

Ohùn mẹ́ta tí à ń pè ní B, A, G ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ. Àtàǹpàkò òsì àti ìka tí a fi ń tọ́ka ni B. Ẹ fi ìka àárín kún un, ó di A. Ẹ fi ìka òrùka kún un, ó di G. Ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ tẹ kíì tirẹ̀ nínú gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibẹ̀ ni ọmọ tó ti fọn rekọ́dà (fèrè tí a ń dì lóòró fọn) ti máa ń gbàgbé, torí ìka òsì bára mu, kò ní ọmọńdinrín lọ́kàn.

Bí G bá jẹ́ dò, A á jẹ́ re, B á jẹ́ mí: ohùn mẹ́ta tí ọmọ fi ń sọ̀rọ̀ látilé. Ẹ má wá orin kankan síbẹ̀. Kó fọn "ọkọ̀" (A, G), kó fọn "ọkọ́" (A, B), kí àwọn yòókù sọ èyí tí wọ́n gbọ́. Táíwò á di B, B, G. Ìdòwú á di G, G, B. Ahọ́n ni kó fi ya sílébù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, bí ẹni pe "tù". Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé ẹni tó ń gbọ́, ó lè jẹ́ ìka, ó lè jẹ́ pé ó yí fùlúùtù sínú jù, tí ohùn wá rẹlẹ̀, tó sì tín-ín-rín.

Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ tó fún un nílé. Kó fi omi ṣan ẹnu kó tó fọn, torí ṣúgà máa ń lẹ tìmùtìmù abẹ́ kíì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kó fi ọ̀pá àti aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀.

Bí B, A, G bá ń jáde, tí ohùn D ìsàlẹ̀ kọ̀, ẹ kọ́kọ́ fọn án fúnra yín. Bí tiyín náà bá kọ̀, pàápàá lórí fùlúùtù tòkunbọ̀, tìmùtìmù ló ń jò. Ẹ gbé e lọ tún ṣe, ẹ má dá ọmọ lẹ́bi.