Owó Tí Ẹ Ń Dà Sígbó: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Fẹsẹ̀ Rìn Láti Ibùdókọ̀ Rélùwéè Abẹ́òkúta

Láti ìgbà tí rélùwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ni àwọn èèyàn Èkó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹsẹ̀ rin inú oko Ẹ̀gbá já. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń mú wọn rìn. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń ná kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kan, àfi bíi pé òkè òkun ni wọ́n ń lọ. N kò ní sọ fún yín pé kí ẹ gbé omi, kí ẹ sì dé fìlà. Ẹ mọ ìyẹn.

Àkọ́kọ́, bàtà. Èyí tí wọ́n rà lánàá ni wọ́n máa ń wọ̀ wá. Ọmọkùnrin kan wá ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, bàtà rẹ̀ ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ó wúwo bíi bíríkì. A ò tíì kúrò lójú títì ọlọ́dà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi bó. Ibi tó jókòó sí tó ń tú okùn bàtà ni bàbá kan ti gbé igi ìdáná kọjá lára wa, sílípáàsì rọ́bà lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ rọra o." Kánfáàsì tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ti tó. (Tèmi ti lanu níwájú. Ìyàwó mi jù ú sínú ààtàn, mo tún lọ hú u jáde.)

Èkejì, ibi tí ẹ máa sọ̀. Ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderin, ara ìgboro ṣì ni. Ẹni tó bá fẹ́ tètè bọ́ sí oko, Olódò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá ló yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè bóyá ọkọ̀ yín máa dúró níbẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ bèèrè aago ọkọ̀ tó máa gbé yín padà pẹ̀lú. Ọlọ́kadà tó bá rí ará Èkó tó ti rẹ̀ lójú ọ̀nà oko nírọ̀lẹ́ mọ iye tó máa pè.

Ẹ̀kẹta: ẹ má rìn lójú irin nítorí fọ́tò. Irin àtijọ́ tó gba Láfẹ́nwá kọjá lọ sí Ìbàdàn kọ́ lẹ̀ ń wò yìí; ọkọ̀ orí irin tuntun yìí ń sáré ju tàtijọ́ lọ.

Ṣòkòtò péńpé ńkọ́? Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wèrèpè máa ń gbẹ, tí irun ara rẹ̀ á máa fò kiri. Arábìnrin kan fi ojúgun lásán wọ inú rẹ̀, ló bá ń họra títí a fi dé abúlé tí ìyá kan ti bu eérú pa á lẹ́sẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ó tán.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ fóònù. Ọ̀nà oko kì í ṣe títì ìjọba. Bí ẹni tó ni oko bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi, igbó á bo ọ̀nà náà, ẹlòmíràn á sì la òmíràn gba ibòmíì. Àwọn ọ̀nà kan tilẹ̀ wà tí rélùwéè tuntun gé sí méjì, abẹ́ afárá ni wọ́n ń gbà báyìí. Fóònù kò mọ gbogbo èyí. Àwọn mẹ́rin kan sanwó fún máàpù, wọ́n tẹ̀ lé e wọ inú èkan, oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n já sí, wọ́n sì ń tẹ ebè olóko mọ́lẹ̀ bọ̀, okùn orin létí wọn. Bàbá olóko dúró, ó mú àdá dání, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá fi gẹ̀ẹ́sì bi í ní ọ̀nà! Owó tí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà ju ti máàpù lọ.

Ẹ yọ okùn létí. Ẹ kí olóko láti òkèèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Àroko bọ́dún dé o!" Ẹ jẹ́ kó dáhùn kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun. Ẹ má sì bèèrè pé "Ṣé ó jìnnà?" torí "Kò jìnnà" ni wọ́n máa wí, kí ọkàn yín má baà rẹ̀wẹ̀sì ni, ẹ sì lè rìn títí òòrùn á fi wọ̀. Ẹ bi wọ́n pé: abúlé wo ló kàn? Odò mélòó la máa kọjá? Ibo ni wọ́n ti ń ta omi? Bí ẹ bá dé abúlé náà, ẹ yà kí baálẹ̀ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà jáde. Lásìkò tí gbogbo èèyàn ń fura sí àjèjì yìí, ọdẹ tó bá gbọ́ pé baálẹ̀ mọ̀ yín kò ní dá yín dúró pẹ́.

Lásìkò òjò, ẹ bèèrè irú òjò tó rọ̀ lápá òkè lálẹ́ àná, torí odò tí ẹ fẹsẹ̀ là láàárọ̀ lè mu yín dé àyà nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Bí omi bá ti pọ́n, tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ gba abúlé tí ẹ ti kọjá padà, kí ẹ lọ bá ọlọ́kadà dúnàádúrà.