Bí A Ṣe Ń Pa Òfin Amẹ́ríkà Mọ́ Nígbà tí A Bá Ń Fi Source Code Ránṣẹ́ sí Èkó

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ní ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà ní Houston tàbí Atlanta ló gbà pé ẹrù tó wọ ọkọ̀ nìkan ni òfin ìkẹ́rùjáde Amẹ́ríkà kàn. Ṣùgbọ́n lójú òfin EAR, ìyẹn òfin ìkẹ́rùjáde Amẹ́ríkà tí BIS, ọ́fíìsì ìjọba ibẹ̀, ń bójú tó, source code (àwọn ìlà àṣẹ tí a fi kọ sọ́fítíwíà) tí a ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó wà ní Èkó láti kà ti jáde kúrò ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Kódà bí ẹni náà bá jókòó sí Houston gan-an, tó jẹ́ pé físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́ ló fi ń gbé ibẹ̀, fífi irú source code tí òfin dè hàn án dà bí ìgbà tí a fi ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹni tó ti gba green card kò sí nínú èyí.

Nítorí náà, kí a tó fún ẹnikẹ́ni láyè láti wọlé, ó yẹ kí a mọ nọ́ńbà tí ọjà wa ń jẹ́ nínú ìwé tí BIS fi to àwọn ọjà tí òfin ń ṣọ́. Sọ́fítíwíà tí kò ní ohunkóhun tí ìwé náà dárúkọ ń bọ́ sí EAR99, ìyẹn kì í sì í sábà mú wàhálà wá. Ti encryption, ìyẹn títi ọ̀rọ̀ pa kí ẹlòmíràn má lè kà á, ló le. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ pa, tí a tún ń fi òun kan náà ṣí i, ti wọ abẹ́ ìṣọ́ bí ó bá ti ju bíìtì 56 lọ, AES, irú encryption tí gbogbo ayé ń lò, sì bẹ̀rẹ̀ láti 128. Áàpù tó jẹ́ pé pípa ọ̀rọ̀ mọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, bíi VPN, yóò jẹ́ 5D002, nọ́ńbà sọ́fítíwíà encryption tí òfin ń ṣọ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tí gbogbo ènìyàn lè rà fàlàlà, tí ó sì kún ojú òṣùwọ̀n mass market, ó lè di 5D992, tí òfin tirẹ̀ rọrùn jù. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nìyí: áàpù nìkan ló di 5D992. Source code encryption rẹ̀, bí kò bá sí ní gbangba, 5D002 ló ṣì ń jẹ́.

Ta ni yóò wá gba source code náà? Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa ní Amẹ́ríkà, tàbí ẹnì kan ṣoṣo tí a gbéṣẹ́ fún ní Èkó, tó jẹ́ pé iṣẹ́ inú ilé ni yóò fi ṣe, apá (a)(2) nínú ẹ̀tọ́ ENC (àyè tí òfin EAR fún ọjà encryption láti jáde láìgba ìwé àṣẹ) gbà á láyè láìjẹ́ pé BIS yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Èkó la gbé e fún, ọ̀rọ̀ ti yí padà: a ní láti fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí BIS, kí a sì dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́, bí ẹni tí yóò gbà á kì í bá ṣe ti ìjọba. Ní tèmi, ìwé àdéhùn iṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ tún kà, nítorí orúkọ tó wà níbẹ̀ ni yóò sọ èyí tí a jẹ́ nínú méjèèjì.

Source code tí a gbé síta fún gbogbo ayé, tí encryption rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí a mọ̀ kárí ayé, ti bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ hùmọ̀ encryption tirẹ̀ ní láti kọ ímeèlì sí BIS àti NSA, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ìsọfúnni.

Lẹ́yìn èyí, a ó yẹ orúkọ ẹni náà wò nínú Consolidated Screening List, àkójọ orúkọ àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dè, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ Yorùbá ń fẹ́ sùúrù níbí: Ṣọlá kan náà lè jẹ́ Sola nínú ìwé ìrìnnà, kó jẹ́ Shola ní báńkì. Ẹ wá méjèèjì, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì tì í. ENC kò dé àwọn orílẹ̀-èdè bíi Cuba, Iran àti Àríwá Kòríà, bí ó ti wù kí àwọn ará wa ní Cuba ṣe sún mọ́ wa tó.

Ọjà encryption tó wà lábẹ́ 740.17(b)(1), ìyẹn apá kan nínú ẹsẹ̀ òfin EAR tó dá ENC sílẹ̀, tí kì í ṣe mass market, ń fẹ́ ìjábọ̀ ọdọọdún, èyí tó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ BIS àti NSA kí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì tó kọjá. Gbogbo ìwé wọ̀nyí, títí kan àwòrán ojú ìwé tó fi hàn pé a yẹ orúkọ wò, ni kí a tọ́jú fún ọdún 5.