Ọmọ ajá tó ń tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páàdì: ohun tó yanjú rẹ̀

Yàrá kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára parvo (àrùn ajá kan tó lè kó níta) ti ọmọ ajá náà kò tíì pé (ó sábà máa ń di ìgbà tí ajá bá tó ọmọ ọ̀sẹ̀ 16), nítorí náà inú ilé ló gbọ́dọ̀ ti máa tọ̀. Páàdì, ìyẹn ìtẹ́lẹ̀ tó ń fa ìtọ̀ mu, wà nílẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti orí kápẹ́ẹ̀tì ló ń tọ̀ sí.

Kápẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ká kúrò, torí ó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi páàdì. Mo wá tẹ́ páàdì mẹ́rin pọ̀, etí wọn gun ara wọn, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ajá máa ń yípo kó tó tọ̀. Lórí páàdì kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ iwájú á wà lórí rẹ̀, ìdí á ti yọ síta.

Òórùn ló ṣòro jù. Ibi tó bá ti tọ̀ rí ló máa ń padà sí. Ẹ po fínígà funfun àti omi ní ìwọ̀n kan náà, ẹ fi nù ún dáadáa. Ẹ má lo ọṣẹ ìfọlẹ̀ tó ní ammonia: òórùn rẹ̀ jọ ti ìtọ̀.

Ẹ gbé ọmọ ajá náà lọ sórí páàdì ní kété tó bá jí, tó bá jẹun tán, tó bá ṣeré tán. Ọmọ oṣù méjì kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ. Bó bá tọ̀ síbẹ̀, ẹ fún un ní ẹran díẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú. Á kàn kọ́ láti máa sá lọ tọ̀ sábẹ́ àga ni.

Tí kò bá ṣì í mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ máa yọ páàdì tí kò lò kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.