Bí ọ̀pá ọ̀kadà mi ṣe wọ irin Boxer

Ẹni tó ta ṣọ́ọ̀kì iwájú Boxer fún mi ní Sábó, níbí ní Ilé-Ifẹ̀, búra pé wẹ́rẹ́ ló máa wọ fírémù ọ̀kadà Ṣáínà mi. Irọ́ ńlá! Bẹ́ríìnì ìsàlẹ̀ ò jókòó, ọ̀pá tó gba inú ọrùn fírémù sì gùn débi pé ojú okùn rẹ̀, ibi tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀, tán kí nọ́ọ̀tì òkè tó fún. Owó mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Títú u ò le. Wọ́n fi pírẹ́ẹ̀sì ti ọ̀pá méjèèjì, ti Boxer àti tèmi, jáde nínú irin tó di ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mú, kí ọ̀pá tèmi, tó ti bá fírémù mu tẹ́lẹ̀, lè bọ́ sínú irin ti Boxer. Ìdí rẹ̀ sanra díẹ̀ ju ihò lọ, ó di ọ̀dọ̀ oníléètì, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ní Lágere.

Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí ìdí ọ̀pá fi 0.05 mílímítà ju ihò lọ, kó lè há pinpin. Wọ́n mú iná lọ, wọ́n mú un dé, wọ́n tún mú un lọ. Nígbà tí iná dúró, ìkánjú wọ̀ ọ́, ó gé e kọjá. Ọ̀pá já sínú ihò gbọ̀ọ̀, ó ń mì. Ó ní òun á fi pọ́ǹṣì lu ara rẹ̀ kó wú, tàbí ká jó o. Mo fárígá. Irin tí táyà iwájú rọ̀ mọ́, tí mo fi ń gbé ìyàwó àti ọmọ! Iná wẹ́dà lè ká ọ̀pá kò, kó sì sọ etí ibi tí wọ́n jó di ohun tó ń ṣẹ́. A fà á títí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù fi dá sí i, kó tó gbà láti gbẹ́ búùṣì irin, ìyẹn òrùka tó máa yí ọ̀pá ká, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọ̀pá, kó sì tún un gbẹ́, èmi dúró tì í. Owó búùṣì, èmi náà ni mo san án, ó ṣì ń dùn mí.

Mo gbé ọ̀pá sínú fíríísà mọ́jú, mo yan irin Boxer lórí gáàsì. Irin tó gbóná, ihò rẹ̀ á là. Ọ̀pá tó tutù á sún kì. Ó wọlé ṣìn-ìn! Nígbà tó tutù, òòlù ò mì ín.

Ẹ mú kálípà dání lọ ra ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ wọn gígùn ọ̀pá àti ìdí bẹ́ríìnì méjèèjì kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀. Kí oníléètì tó tan ẹ̀rọ, ẹ sọ ẹni tó máa sanwó bó bá gé e jù. Bí ẹ bá tò ó tán, ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ fa ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì síwá sẹ́yìn: bó bá ń dún kọ̀kọ̀, nọ́ọ̀tì òkè ò tíì fún, bí ọwọ́ ọ̀kadà ò bá sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀, ó ti fún jù.