Ìjì Já Wáyà Kan, Iná Wa Ya Wèrè: Bí A Ṣe Tún Un Ṣe ní Ìsẹ́yìn

Ìjì tiwa ní Ìsẹ́yìn kì í yọ́ wá. Ìhà ìlà oòrùn ló ti máa ń ṣú, eruku á ṣáájú, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, kí èèyàn tó ká aṣọ orí okùn tán, òjò ti dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kẹrin ọdún tó kọjá. Mo wà nídìí maṣíìnì, mò ń ṣẹ́ etí òfì aláàárì ìyàwó ojú ọ̀nà kan. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Ìjì kọ́kọ́ fẹ́, iná lọ. Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Nígbà tó tó bíi wákàtí kan, tí òjò ti ń dá, iná dé, àwọn ọmọdé sì pariwo "Up NEPA!" bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti bí gbogbo wọn lẹ́yìn tí NEPA ti kógbá sílé. Ariwo yẹn kò tíì rọlẹ̀ tí mo fi rí i pé nǹkan ti yíwọ́. Gílóòbù ṣọ́ọ̀bù mi funfun bí iná wẹ́dà. Fáànù ń ké, ó ń gbọ̀n bí ẹni pé ó fẹ́ já bọ́ láti àjà. Lódìkejì títì, Màmá Ẹlẹ́ja yọ orí lójú fèrèsé: "Télọ̀! Gílóòbù tèmi pupa bí ẹ̀yín iná, fíríísà sì ń kùn lásán, kò fẹ́ gbéra. Kí ló dé?" Kí n tó dáhùn, mo gbọ́ "pò!" láti ilé tíṣà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ni.

Mo ti rí irú rẹ̀ rí nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn. Mo fa kọ́táòtù tó ń pa iná ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀, mo bọ́ sínú òjò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí iná bá ti wà, wáyà kò já nìyẹn. Wáyà mẹ́rin ló ń ti ìdí tiransífọ́mà wọ àdúgbò. Mẹ́ta ni fésì, àwọn ló ń gbé iná wá. Ẹ̀kẹrin ni niútírà, òun ló ń dá a padà. Fóòtì ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe le tó. Láàárín fésì kan àti niútírà, 230 fóòtì ni, ìyẹn ló yẹ ẹ̀rọ inú ilé. Láàárín fésì méjì, ó di 415. Bí niútírà bá já, iná kò ní kú. Ilé tèmi àti ilé ẹni tó wà lórí fésì mìíràn ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pín 415 yẹn láàárín ara wọn, kò sì sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n fún wọn. Ilé tó bá tan nǹkan púpọ̀, díẹ̀ ló máa kàn án. Ilé tó jẹ́ gílóòbù kan àti fáànù kan ló tàn, òun ni àpọ̀jù máa dé bá. Màmá Ẹlẹ́ja ní fíríísà mẹ́ta, òun ni iná rẹ̀ fi rẹlẹ̀. Tíṣà ní tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo.

Ojúlé dé ojúlé ni mo lọ, mò ń kanlẹ̀kùn, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná láti ìdí mítà." Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ẹnì kan ní òun ò lè pa iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun fẹ́ fa omi. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n jẹ́ kí fóònù òun kún díẹ̀ ná; kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí òórùn ike jíjóná fi gba pálọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Bàbá Alága ẹgbẹ́ onílé pe ẹni tó máa ń gun òpó ládùúgbò wa, ọkùnrin náà gun ọ̀kadà wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó yọ fíúsì ìlà tiwa nínú àpótí ìdí tiransífọ́mà. Gbogbo wa sùn nínú òkùnkùn, ọkàn wa sì balẹ̀ jù ti ìgbà tí iná wà lọ.

Ilẹ̀ mọ́, mo mú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n èjìká àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò àwọn oníbàárà mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdí tiransífọ́mà, mo tọ ìlà wáyà lọ ní òpó kọ̀ọ̀kan. Òpó mẹ́rìnlá ni. Ojú ni mo fi wò ó o, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí, lábẹ́ ìwọ̀n agbádá ẹnì kan:

"Òpó 1 dé 6: wọ́n dúró. Òpó 7 sí 8: wáyà kan já, ó kọ́ sára géètì irin. Òpó 9: onígi, ó ṣẹ́ ní ìdí, ikán ti jẹ inú rẹ̀. Òpó 11: ẹ̀ka máńgòrò wà lórí wáyà. Òpó 12 dé 14: wọ́n dúró."

Nígbà tí mo ń gbé orí sókè sódò báyìí ni mo ṣàkíyèsí àwọn àwo tánganran tí wọ́n fi ń gbé wáyà dúró. Ibi tí òjò kò tíì fọ̀ lára wọn ṣì pọ́n fún eruku ọyẹ́. Àwọn tó ń gun òpó máa ń sọ ọ́ pé kì í ṣe ìjì nìkan ló ń mú iná lọ ní àkọ́rọ̀ òjò. Eruku oṣù mẹ́ta ti jókòó sórí àwo yẹn. Òjò wínníwínní kan á fi omi sí i, ó di ẹrẹ̀, iná á sì rí ọ̀nà gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Ìdí nìyẹn tí iná fi máa ń lọ nígbà tí òjò kò tíì tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ sá.

Wáyà tó wà lára géètì yẹn ló já mi láyà. Àwọn ọmọ iléèwé ló ń gba ibẹ̀. Niútírà ni lóòótọ́, fíúsì sì ti kúrò, ṣùgbọ́n ta ló lè búra pé ẹnì kan kò ní í lọ dá a padà? A ṣẹ́ ewé tútù, a tò ó sójú ọ̀nà ní ìhà méjèèjì, mo lọ kó ìtẹ́kù òwú òfì pupa wá láti ṣọ́ọ̀bù, a fi dí ọ̀nà. Ẹni tó ni géètì náà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé fún ọjọ́ mẹ́fà.

Ọ́fíìsì àwọn oníná ló kàn. Èrò kún ibẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo wa sì ń wí: kò sí iná ládùúgbò wa. Ọmọbìnrin tó jókòó kò tiẹ̀ gbé ojú sókè. "Gbogbo ìlú ni, sà." Mo ní, "Mo mọ̀, mà," mo ya ojú ìwé náà fún un, mo ṣí fọ́tò inú fóònù sí i. Nígbà yẹn ló wojú mi. "Onígi ni òpó 9 yìí? Tiransífọ́mà wo?" Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Èmi gbà pé ojú ìwé kan yẹn ló yọ wá. Ẹni tó bá ní "kò sí iná" ń to ẹ̀yìn gbogbo ìlú. Ẹni tó bá ní "òpó 9 ṣẹ́, wáyà já láàárín 7 sí 8" ti mú idajì iṣẹ́ wá.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́bọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pé wáyà kò le, òpó ni kò sí, àfi kí àdúgbò ra tiwọn. Ìpàdé dàrú lálẹ́ ọjọ́ náà. Màmá Ẹlẹ́ja ní, "Ẹ jẹ́ ká dá owó o jàre, ẹja mi ń kú lẹ́ẹ̀kejì." Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe wáyà inú ilé ní kí a fún òun ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, òun á gùn ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ní rárá, kò sì dùn mọ́ àwọn kan nínú títí dòní. Ọ̀rọ̀ owó ni mo wá gbé síwájú Bàbá Alága. Mo ní, "Bàbá, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé kì í ṣe oníbàárà ló ń ra òpó tàbí tiransífọ́mà. Tí àdúgbò bá sì máa rà á, àfi kí ìwé àdéhùn wà tí owó yóò fi padà. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé béèrè ìwé náà." A kọ ọ́, alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí i, a sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Òpó dé lọ́jọ́ kẹfà. Ó lè jẹ́ lẹ́tà náà. Ó sì lè jẹ́ pé àna Bàbá Alága mọ ẹnì kan níbẹ̀.

Kí òpó tó dé, áyọ́ọ̀nù eléèédú ìyá mi ni mo fi ń lọ aṣọ, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń wa maṣíìnì. Màmá Ẹlẹ́ja gbé àgbá sẹ́yìn ilé, ó yan gbogbo ẹja Titus tó kù. Gbogbo àdúgbò ń rùn fún èéfín, a sì jẹ ẹja yíyan bí ẹni ń ṣọdún. Tíṣà, tí kò ní tẹlifíṣọ̀n mọ́, máa ń wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, á máa bínú sí ìsédò Ikere Gorge tó wà nítòsí wa níhìn-ín, pé iná mànàmáná wà lára ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ sé odò Ògùn níbẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n wá ṣe é, mo pa ṣọ́ọ̀bù tì. Ọ̀gá wọn fi ọ̀pá gígùn yọ fíúsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lókè tiransífọ́mà, lẹ́yìn náà ó mú wáyà kan, ó fi so wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣebí ẹ ti yọ fíúsì?" Ó rẹ́rìn-ín. "Jẹnẹrétọ̀ yín ni mò ń sá fún." Tí ẹnì kan bá ki jẹnẹrétọ̀ bọ súkẹ́ẹ̀tì láìní ohun tó yà á kúrò lára wáyà ìta, iná á gba ilé rẹ̀ jáde, á gun tiransífọ́mà lẹ́yìn, á sì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì ní òdìkejì. Mo wo ẹni tó fẹ́ fa omi lọ́jọ́ náà. Ó wo ilẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa gé ẹ̀ka máńgòrò. Wọ́n gbẹ́ ihò tó mu mí dé àyà fún òpó kọnkéré tuntun. Ìsopọ̀ wáyà ni mo wò jù: wọn kò fi píláyà lọ́ ọ lásán. Wọ́n ki orí méjèèjì bọ inú ọ̀pá kékeré oníhò kan, wọ́n fi ohun èlò tẹ̀ ẹ́ mọ́ra ní ibi mélòó kan. Èyí tí wọ́n bá lọ́ lásán máa ń gbóná, ọ̀gá náà ló sọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìjì mìíràn á tún já a.

Kí wọ́n tó dá fíúsì padà, mo ti lọ yí ká pé kí ẹnikẹ́ni má tan nǹkan. Gílóòbù olówó pọ́ọ́kú kan ni mo kọ́kọ́ tàn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tutù, kò ṣẹ́jú. Mo ki stabilizer tó ń fi iye fóòtì hàn bọ súkẹ́ẹ̀tì: 226. Mo ké sí Màmá Ẹlẹ́ja, òun náà tan fíríísà kan, mo tún wo tèmi. 226. Ó tan èkejì, nọ́ńbà kò mì. Aṣọ ìyàwó jáde ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbéyàwó.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìlà oòrùn tún ṣú. Eruku kò tíì dé títì tí mo fi gbọ́ ẹni tó ń lu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi kíkankíkan. Màmá Ẹlẹ́ja ni, ó fi abọ́ bo orí. "Télọ̀, ṣé o ti pa tìẹ láti ìdí mítà? Mo ti pa tèmi o. Mò ń lọ ilé tíṣà."