Bí mílíìkì ṣe dẹ́kun títán lójijì ní sítọ́ọ̀ wa

Mílíìkì alágolo ń tán kí oṣù tó parí, síbẹ̀ àwọn páálí kan ń kọjá ọjọ́ lílò lẹ́bàá ògiri.

Ìṣirò ló wọ́. Páálí 880 la tà lóṣù. A pín in sí ọjọ́ 30, ó jẹ́ bíi 29 lójúmọ́. Irọ́ gbáà ni! Ọjọ́ 8 ni kò fi sí ọjà nílẹ̀ rárá. Ọjọ́ 22 la fi tà á, nítorí náà 40 ni lójúmọ́. Ẹni tó bá ka ọjọ́ tí sítọ́ọ̀ ṣófo mọ́ ọn, ọjà tí kò tó ni yóò máa bèèrè.

Ọjọ́ 5 ni ọjà fi ń dé: 40 lọ́nà 5 jẹ́ 200. A fi ti ọjọ́ 3 kún un, 120, torí ọkọ̀ lè bàjẹ́ lọ́nà. Bó bá ti ku 320, a ó bèèrè òmíràn. Ẹ ka èyí tó ti wà lójú ọ̀nà mọ́ èyí tó kù nílẹ̀ o, kí ẹ má baà bèèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ọjọ́ lílò, a fi máákà kọ oṣù àti ọdún gàdàgbà sára páálí. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù ló ń wà níwájú, kódà bó jẹ́ òun ló dé kẹ́yìn.